Táyà Ni Tàbí Ojú Ọ̀run? Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́ Ti Ń Ṣe Àṣìṣe

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, àwa mẹ́rin gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ láti Lẹ́kí lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, a yí padà nígbà tí a wọ agbègbè Ìbẹ̀jú, a sì jọ padà sílé. Kò sẹ́ni tó yà lọ́nà. Kò sẹ́ni tó fi ẹnì kejì sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ tí a ń mu omi, kálukú wo kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, ní kìlómítà 60.4 la rìn. Tèmi ní 59.3. Ti ẹnì kẹta ní 58.8. Ti ẹnì kẹrin, tó ń lo irú ti àtijọ́ tó ní wáyà àti òòfà, kò ju 51 lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé tiyín nìkan ló pé," ni ẹnì kẹrin wí, ó sì ti ń wá ibi tí yóò tẹ̀ láti pa gbogbo ohun tó wà nínú tirẹ̀ rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró ná. Ṣé o ti mọ ohun tó ń ṣe é ni?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ kì í béèrè rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ń fò, a ó pa nǹkan rẹ́, a ó ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, a ó bínú sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé súkúrù kan péré ló tú. Ohun tí mo ti kọ́ láàárín ọdún díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wò ó ni mo fẹ́ sọ níbí.

Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ kò dá mọ eré tí à ń sá. Ohun méjì ló ń sọ fún un. Èkínní wà lára kẹ̀kẹ́: sẹ́ńsọ̀ tó ń ka iye ìgbà tí táyà yí po. Èkejì wà lókè réré: àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí ohùn wọn ń jẹ́ kó mọ ibi tó wà láyé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń ka táyà kò mọ̀ bóyá Èkó la wà tàbí Ìbàdàn. Èyí tó ń gbọ́ ojú ọ̀run kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ wa ló ń wa kẹ̀kẹ́ tàbí a ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, bí sẹ́ńsọ̀ bá ti wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí eré àti lórí ọ̀nà tí a ti rìn. GPS ni wọ́n fi ń ya àwòrán ọ̀nà náà. Ìdí nìyí tí máàpù fi lè dára gan-an kí eré máa fi òdo hàn, tàbí kí eré péye kí máàpù sì gbé wa gba orí omi ọ̀sà kọjá.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo á wọ ibi ètò, mo á pa sẹ́ńsọ̀ fúngbà díẹ̀, mo á sì gun kẹ̀kẹ́ bíi kìlómítà kan níbi tí kò sí ilé gíga. Bí eré bá bọ̀ sípò, sẹ́ńsọ̀ ló lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo á tan sẹ́ńsọ̀ padà, mo á pa GPS bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ nínú ilé, mo á gbé táyà sókè, mo á fi ọwọ́ yí i. Bí nọ́ńbà bá dúró ṣinṣin, táyà ò lẹ́bi. Ká gbójú sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀.

Ti ẹnì kẹrin la kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, torí òun ló ṣeé fojú rí. Sẹ́ńsọ̀ olóòfà ní apá méjì: òòfà kékeré tí a há mọ́ sípóòkù, àti ike kan tí a so mọ́ fọ́ọ̀kù. Súwíìṣì kan wà nínú ike náà, irin tín-ín-rín méjì nínú gíláàsì, tí kì í kan ara wọn àfi bí òòfà bá kọjá nítòsí. Walter Ellwood ló ṣe irú súwíìṣì yìí ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní 1936. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n fi ń ṣe kó tó dé ara kẹ̀kẹ́. Táyà yí lẹ́ẹ̀kan, irin kan irin lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ka ọ̀kan. Bí a bá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òòfà ń kọjá níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àlàfo ló máa ń bà á jẹ́. Òòfà àti ike kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, òòfà sì gbọ́dọ̀ kọjá ní iwájú àmì tó wà lára ike gẹ́lẹ́. Àwọn kòtò ojú ọ̀nà wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú súkúrù. Nígbà tí a dá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ wa dúró, ìka mi wọ àárín òòfà àti ike, àyè sì tún kù. Níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, ó ń ka díẹ̀. Níbi tí fọ́ọ̀kù bá ti ń gbọ̀n, ó ń fò ó. Bí kìlómítà mẹ́sàn-án ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. A gbé táyà iwájú sókè, ẹnì kan ń yí i, ẹnì kan ń sún òòfà díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ńbà fi dúró. Sukudíráfà kékeré nìkan la lò.

Ẹnì kan máa ń béèrè bóyá ó yẹ kí òòfà wà nítòsí rímù tàbí nítòsí họ́ọ̀bù. Kò kan iye tí a ń kà: ìyípo kan ni ìyípo kan, ì báà jẹ́ lókè ni òòfà wà tàbí nísàlẹ̀. Ohun tó kàn án ni òòfà méjì. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ kan tí olówó rẹ̀ fi òòfà tuntun sí i láìyọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, tó sì ń sá kìlómítà 56 ní wákàtí kan lórí òkè. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ méjì.

Bí òòfà bá wà níbi tó yẹ tí kọ̀ǹpútà ò sì kà, ó ku wáyà. Wáyà a máa já nínú láìhàn síta, pàápàá níbi tó ti tẹ̀ nítòsí ọrùn fọ́ọ̀kù, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Irin kéékèèké méjì wà níbẹ̀. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tàbí irin ìdìwé, ẹ fi kan méjèèjì pọ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún fi kàn án, kíákíákíá. Bí kọ̀ǹpútà bá fi eré hàn, kò ṣàìsàn. Wáyà tàbí súwíìṣì ló ní wàhálà. Kí ẹ tó lọ ra wáyà, ẹ nu irin méjèèjì dáadáa. Òógùn ara wa ní iyọ̀ nínú, atẹ́gùn òkun Èkó náà ní iyọ̀, méjèèjì sì máa ń bo irin náà bí ìpẹtà.

Irú tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí kò ní òòfà rárá. Ike kékeré ni, a fi rọ́bà há a mọ́ họ́ọ̀bù, ó sì ń bá họ́ọ̀bù yí. Ó ń mọ ìgbà tó kọrí sókè àti ìgbà tó kọrí sísàlẹ̀, yálà nípa bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tàbí nípa òòfà tó wà lára ayé fúnra rẹ̀. A ò ní àlàfo tí a ó máa wọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn àìsàn tirẹ̀. Ó máa ń sùn, lọ́nà kìíní. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró fún ìgbà díẹ̀, yóò pa ara rẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá sẹ́ńsọ̀, nígbà tí kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri níta, kò ní rí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ kọ́kọ́ yí táyà bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó jí, kí ẹ tó wá a.

Bátìrì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ti jẹ mí níyà jù. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń lò, fóòlùtì 3 sì ni agbára rẹ̀. Mo ra ọ̀kan lọ́jà nígbà kan, tuntun nínú páálí. Ọjọ́ méjì péré, sẹ́ńsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó ń lọ. Bátìrì ò wá sí mi lọ́kàn, ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo pààrọ̀ rọ́bà tó dì í mú. Mo pa gbogbo ètò kọ̀ǹpútà rẹ́, mo sì pàdánù àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi kan tó ń tún rédíò ṣe ló fi mítà wọ̀n ọ́n: fóòlùtì 2.6. Bátìrì tuntun náà ti gbó nínú páálí kí n tó rà á. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì jìyà rẹ̀. Bátìrì tó pé yẹ kó wọ̀n tó 3 tàbí kó lé díẹ̀. Tí ẹ ò bá ní mítà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ò tíì tán. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ohun kíkorò pa ojú wọn kí ọmọdé má bàa gbé wọn mì. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ kan, ohun tí wọ́n fi pa á yìí kì í jẹ́ kí irin kan irin dáadáa. Bí bátìrì bá wọ̀n fóòlùtì 3 tí sẹ́ńsọ̀ ò sì jí, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún dáadáa tàbí kí ẹ wá irú mìíràn. Ẹ tún wo rọ́bà róbótó tó wà létí ìdérí rẹ̀. Bó bá ti ya tàbí tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi òjò á wọlé, irin inú á sì dípẹtà. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára fọ kẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń ní ìṣòro yìí.

Báwo ni sẹ́ńsọ̀ ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀? Ìgbì rédíò ni, lórí 2.4 GHz, níbi tí Wi-Fi ilé wa náà wà. Èdè méjì ló ń sọ: ANT+ àti Bluetooth. Lórí ANT+, sẹ́ńsọ̀ dà bí akéde tó dúró láàárín ọjà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lè gbọ́. Lórí Bluetooth, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kì í dá ju ẹnì kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù tó wà lápò yín bá ti kọ́kọ́ dì í mú, kọ̀ǹpútà á wá a tì. Ẹ pa Bluetooth fóònù, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìṣòro akéde ọjà sì ni pé a lè gbọ́ akéde ẹlòmíràn. Níbi tí ogún tàbí ọgbọ̀n ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá ti péjọ fún ìrìn òwúrọ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà lè so ti ẹni tó dúró tì í. Gbogbo nǹkan á dára títí ẹni yẹn yóò fi sáré lọ, tí eré kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì di òdo. Ilé ni ká ti so sẹ́ńsọ̀, kí òun nìkan wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan; ẹ kọ ọ́ síbì kan, kí ẹ lè fi wé èyí tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn yín. Ohun kan tún ni pé ara ènìyàn ń dí ìgbì yìí lọ́nà, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Ẹni tó ń lo fóònù bíi kọ̀ǹpútà, tó sì fi í sápò ẹ̀yìn nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà lára táyà iwájú, ti fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe ògiri láàárín àwọn méjèèjì.

Tèmi ńkọ́, kìlómítà 59.3? Sẹ́ńsọ̀ mi ò fo ìyípo kankan. Ó ka iye ìyípo bó ṣe rí, ṣùgbọ́n mo ti fún un ní ìwọ̀n táyà tí kò tọ̀nà. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ bí táyà ṣe tóbi tó. Àwa la máa sọ fún un iye mìlímítà tí ìyípo kan jẹ́. Táyà 700 × 23 jẹ́ 2,096. Ti 700 × 25 jẹ́ 2,105. Ti 700 × 28 jẹ́ 2,136. Ti 26 × 1.95, irú tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀, jẹ́ 2,050. Ti 29 × 2.1 jẹ́ 2,288. Mo ti pààrọ̀ táyà 23 sí 28 nítorí kòtò, mi ò sì rántí yí nọ́ńbà padà. Ìyàtọ̀ ogójì mìlímítà ò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí táyà yí láàárọ̀ ọjọ́ náà ju ẹgbàá mẹ́rìnlá lọ. Ẹni tó bá fi 2,096 sí táyà 29, nínú kìlómítà 60 yóò rí 55.

Nọ́ńbà inú ìwé ò tó mi mọ́, mo máa ń wọn táyà fúnra mi. Mo á fẹ́ táyà dé bí mo ṣe máa ń gùn ún. Mo á yí i kí fáàfù, ìyẹn ẹnu tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà, wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo á fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo á jókòó lórí kẹ̀kẹ́, torí ìwúwo mi ń tẹ táyà, ẹnì kan á sì dì mí mú. A ó sún un lọ tààrà títí fáàfù yóò fi wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó tún fa ìlà. Mo á fi téèpù wọn ìlà sí ìlà, mo á sì pín in sí mẹ́ta. Tèmi jẹ́ mìlímítà 6,405, ìyẹn 2,135 fún ìyípo kan. Nígbà tí mo fi nọ́ńbà yìí ṣírò ìrìn wa, 60.4 ló jáde. Ẹ̀gbọ́n ti wọn tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á, kò kàn sọ fún wa ni.

Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń wọn táyà fúnra wọn: wọ́n á fi ọ̀nà tí GPS wọ̀n wé iye ìyípo, wọ́n á sì pín in. Ó rọrùn, ó sì sábà máa ń dára. Àmọ́ bó bá jẹ́ ibi tí GPS ti ń ṣe ségesège ló ti wọ̀n ọ́n, àṣìṣe ọjọ́ kan yóò máa bá a lọ lójoojúmọ́. Ibi tó ṣí sílẹ̀ gbalasa, lọ́nà tó tọ́, ni kí ẹ ti jẹ́ kó ṣe é.

Ó wá kan ojú ọ̀run. GPS jẹ́ iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. 1995 ni wọ́n kéde pé ó pé pátápátá, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 24 tó ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè wa. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń ké pé, "Ibí ni mo wà, àkókò báyìí ló lù." Kọ̀ǹpútà yóò wo bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé, yóò sì fi mọ bí ó ṣe jìnnà sí i. Mẹ́rin ló nílò ó kéré tán: mẹ́ta fún ibi tó wà, ìkẹrin fún aago, nítorí aago inú rẹ̀ kò péye tó. Ìgbì yìí ń rìn ní kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé bí aago bá ṣì í pẹ̀lú ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà 300 ni a ó fi jìnnà sí ibi tí a wà. Títí di oṣù karùn-ún 2000, Amẹ́ríkà tún ń mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn náà rú fún àwa ará ìlú. Ààrẹ Clinton ló ní kí wọ́n dá a dúró, ìgbà náà ló tó di ohun tó ṣeé gbé sórí kẹ̀kẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kẹta wa, tó jẹ́ GPS nìkan ló ń lò, ni pé ó kánjú. Inú ọgbà rẹ̀, lábẹ́ páànù, ló ti tẹ bọ́tìnì, ó sì gbéra. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti sọ ibi tó wà tán, bí ohùn rẹ̀ bá sì já láàárín, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dúró de òmíràn. Bó ṣe ń sáré kọjá lábẹ́ ilé àti igi, gbólóhùn náà ń já. Ojú ọ̀nà ńlá ló tó rí mẹ́rin pé, kìlómítà kan ààbọ̀ sì ti lọ. Ká gbé kẹ̀kẹ́ síta, ká tan kọ̀ǹpútà, ká fẹ́ táyà, ká bu omi sí ìgò. Títí a ó fi ṣe tán, á ti ṣe tán.

Kọ̀ǹpútà tí ẹbí gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń retí àwọn sátẹ́láìtì tí kò sí lókè Èkó. Àtẹ tó fi ń mọ gbogbo sátẹ́láìtì ń gba ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ kó tó wọlé tán. Ẹ gbé e sórí ògiri níta fún ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá sì jẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́, ẹ wo ọjọ́ tó ń fi hàn. GPS ń ka ọ̀sẹ̀ dé 1,024, yóò sì padà sí òdo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1999, ó tún ṣe é ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2019. Ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ lè gbà pé ogún ọdún sẹ́yìn ló ṣì wà. Ìrìn rẹ̀ á péye, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó máa kọ sílẹ̀ á dàrú.

Ilé gíga ni ọ̀tá tó kù. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ gba Marina àti Broad Street ní Erékùṣù Èkó, níbi tí NECOM House ga tó mítà 160, kí ẹ wá wo máàpù yín nílé. Ohùn sátẹ́láìtì lu ògiri kó tó kan kọ̀ǹpútà, ó pẹ́ dé díẹ̀, kọ̀ǹpútà sì rò pé a wà ní òpópónà kejì. Lẹ́yìn náà ó rí ohùn tòótọ́, ó fò padà, ìfò náà sì di eré kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Abẹ́ igi ńlá tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti ilé. Níbi wọ̀nyí, sẹ́ńsọ̀ ara táyà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá lè gbọ́ GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà pẹ̀lú GPS, ẹ tan gbogbo wọn. Bátìrì á tètè lọ, àmọ́ ohùn tó pọ̀ sàn ju ohùn díẹ̀ lọ láàárín ògiri. Àwọn tuntun tó ń gbọ́ ìgbì méjì, L1 àti L5, tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tó kan àwa ará Nàìjíríà ju àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ, mi ò sì gbọ́ kí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa sọ ọ́. Ní òkè réré, níbi tó ga ju ọ̀nà bàálù lọ fíìfíì, ìtànṣán oòrùn ń sọ afẹ́fẹ́ di ohun tó ní iná mànàmáná nínú. Ionosphere ni wọ́n ń pè é. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá, ní ẹ̀gbẹ́ ìlà yìí sì ni ipele náà ti máa ń dàrú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó ń hó bí ìkòkò, ohùn sátẹ́láìtì tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á sì máa já. Ó le jù láti ìrọ̀lẹ́ dé ọ̀gànjọ́, ní àsìkò oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, pàápàá lọ́dún tí iṣẹ́ oòrùn bá gbóná. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ tí GPS ń ṣe ségesège ní gbangba, tó sì dára láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe tú ohunkóhun palẹ̀.

Ètò méjì ló kù tí mo máa ń yẹ̀ wò. Àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í kọ ibi tí a wà sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kí àyè lè pọ̀. Lórí eré 30, mítà mẹ́jọ là ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá fo mẹ́fà, ó ti gé ìyànà kan mọ́lẹ̀, ìrìn á sì kúrú. Ẹ yí i sí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ni ètò tó ń dá aago dúró fúnra rẹ̀ bí a bá dúró. Lórí òkè tó ga, tí a rọra ń gùn, GPS lè rò pé a ti dúró. Sẹ́ńsọ̀ kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Pípa gbogbo ètò rẹ́ ni mo fi sẹ́yìn pátápátá. Bó bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ yín sórí kọ̀ǹpútà ilé. Ohun kan ṣoṣo sì ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó yí òmíràn. Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, tó sún òòfà, tó sì yí ìwọ̀n táyà padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a tún gba ọ̀nà kan náà lọ, a sì yí padà níbi kan náà. Ti Ẹ̀gbọ́n ní 60.4, tèmi 60.4, ti ẹnì kẹta 60.2, ti ẹnì kẹrin 60.5. Ẹ̀yin tí ẹ máa jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹfun àti téèpù lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ wọn táyà yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà síbi tí kò ní sọnù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wọ̀n.